Lẹ́tà T Tí Kì í Ṣe Tèmi

Òórùn kajú tó ti kẹ̀ ni imú mi kọ́kọ́ máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí mo bá rántí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Ìwọ náà á mọ̀ ọ́n bí o bá ti gbé lọ́dọ̀ wa rí, lásìkò tí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò kò sì tíì dé. Àwọn ènìyàn á ti yọ kóró kúrò lára èso náà lọ tà, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ lábẹ́ igi, oòrùn á sè é, eṣinṣin á bò ó, òórùn dídùn tó ń kan bí ẹmu ọjọ́ mẹ́ta á sì gba gbogbo inú afẹ́fẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga aládàáni kékeré kan ni, láàárín oko kajú, kò jìnnà sí Kàbbà, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tí wọ́n fi páànù bò, tí àpáta dúdú ńlá kan dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ wa. Wọ́n ti tì í pa báyìí. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ kẹ́yìn, ewúrẹ́ ló dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí a ti ń ṣe ìdánwò, ẹnì kan sì ti tú ilẹ̀kùn lọ.

Ọmọ Odò-Àpé ni ọ̀rẹ́ mi tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìyàrá ni èmi ti wá. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìyá mi sì jẹ́ aṣáájú obìnrin nínú ìjọ, a kì í ṣe olówó ṣùgbọ́n ebi kò pa wá sùn rí. Ní ti ọ̀rẹ́ mi, bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń dáko iṣu àti ẹ̀gẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì fi ilé ìwé sílẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ lè máa lọ. Ìmàle ni bàbá wọn, Kìrìsìtẹ́nì ni ìyá wọn. Ọ̀rẹ́ mi a máa gbààwẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a sì máa ru iṣu tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ìsìn ìkórè, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé wọn tó rí i bí ohun tó ń béèrè àlàyé.

Yàrá kan náà la jọ ń gbé ní ilé ibùgbé àwọn obìnrin. Kì í pariwo. Bí ó bá fẹ́ ṣe ìṣirò, á kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, á tẹ́ ìwé sórí mátírẹ́ẹ̀sì, ètè rẹ̀ á sì máa mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Nǹkan kan wà nípa ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Láti kékeré, bí ó bá kọ lẹ́tà y, á jọ 4, ó sì ti tìtorí bẹ́ẹ̀ kùnà nínú ìdánwò kan rí. Láti ìgbà náà ló ti pa y tì. Níbikíbi tí àwa tó kù bá ti ń kọ y nínú ìṣirò, t ni òun máa ń kọ. A jọ máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kì í pé, ṣùgbọ́n tó mọ bí a ti ń la nǹkan yéni. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ fọ́ńṣọ̀n, ó ní kí gbogbo wa dìde dúró, ó ní kí a tún lọ jókòó. Ó ní ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn, fọ́ńṣọ̀n ni: olúkúlùkù ènìyàn ní àga tirẹ̀ tó lọ. Bí kò bá sí ẹni méjì lórí àga kan náà, a jẹ́ pé ó jẹ́ ọ̀kan-sí-ọ̀kan. Bí kò bá sí àga kankan tó ṣófo, a jẹ́ pé ó kárí. Ṣùgbọ́n ó ní kí a má ṣe gbójú lé ojú lásán, nítorí nọ́ńbà kò lópin, a kò lè ka àga wọn. Ẹ̀rí ni a ó fi mú un. Láti fi hàn pé ó jẹ́ ọ̀kan-sí-ọ̀kan, a ó mú méjì, a ó ní ká sọ pé ibì kan náà ni wọ́n dé, a ó sì wádìí rẹ̀ títí yóò fi hàn pé wọn kì í ṣe méjì, ẹyọ kan náà ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti fi hàn pé ó kárí, a ó lọ sí ìhà kejì, a ó mú ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀, a ó sì wá ibi tó ti wá títí a ó fi rí i. Mo gbádùn apá àkọ́kọ́. Apá kejì kò wọ̀ mí lára rí.

Ọ̀sán gangan ni a ṣe ìdánwò àárín sáà. Páànù ń ró pá, pá, pá lórí wa nítorí oòrùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní máàkì púpọ̀ jù: ẹ sọ x di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ fi ọ̀kan kún un, ẹ wá fi x tí a ti yọ méjì kúrò lára rẹ̀ pín in. Méjì kò gbọdọ̀ sí lára àwọn tó ń lọ, nítorí a kò lè fi òdo pín nǹkan. Mẹ́ta kò sí lára ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ́ ọ̀kan-sí-ọ̀kan, pé ó sì kárí. Mo ṣe apá àkọ́kọ́ fúnra mi. Mo mú a àti b, mo sọ pé èsì wọn dọ́gba, mo tú u palẹ̀, títí ó fi ku ìlọ́po méje a ní apá kan àti ìlọ́po méje b ní apá kejì. A jẹ́ pé ọ̀kan náà ni a àti b. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà mo dé apá kejì, orí mi sì ṣófo bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó sí apá ọ̀tún mi. Kò fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ń wò. Afẹ́fẹ́ ló ṣí igun ìwé rẹ̀ sókè, mo sì rí gbogbo rẹ̀: ó ti mú t, ó ti wá x tó bí t rí, ó sì ti kọ ohun kan sí ìsàlẹ̀ tí olùkọ́ wa kò kọ́ wa. Ó kọ ọ́ pé bí x tí òun rí yìí bá jẹ́ méjì, a jẹ́ pé ọ̀kan bá máínọ́ọ̀sì mẹ́fà dọ́gba, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀; nítorí náà x yìí wà lára àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti lọ. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ, pẹ̀lú t rẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn rẹ̀, láìyẹ nǹkan kan. Mi ò tilẹ̀ ronú. Ọwọ́ mi ń sáré bí ọwọ́ ẹni tó ń kó ẹrù ẹlẹ́rù nílé tó ń jó.

Nígbà tí a dé yàrá, mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Mo rò pé á bínú. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ó wá ní ǹ bá sì ti ní kí òun kọ́ mi. Ó tán síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n pè wá. Nínú gbogbo kíláàsì, àwa méjèèjì nìkan la kọ gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn, àwa méjèèjì nìkan la sì lo t. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ wa ní Ọjọ́bọ̀.

Gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe. Kò ní kí n lọ jẹ́wọ́. Ó ní bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé mi, ìyá mi kò sì ní lè gbórí sókè nínú ìjọ. Ó ní òun á kọ́ mi ní ẹ̀rí náà títí yóò fi yé mi dáadáa, pé bí àwa méjèèjì bá lè ṣe é lójú wọn, wọ́n á gbà pé a jọ kàwé ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ mi. A máa ń jókòó sórí gbòǹgbò igi kajú kan, igi kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, á máa kọ ọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀, á pa á rẹ́, á ní kí èmi náà kọ ọ́. Ibi tí mo bá ti ṣì í, kì í bá mi wí, á kàn ní kí n padà sí òkè. Ní ọjọ́ kẹta mo lè kọ ọ́ láìwojú rẹ̀. Ó patẹ́wọ́ fún mi. Mo ṣì ń rí iyẹ̀pẹ̀ pupa yẹn lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ló jókòó ní ìgbìmọ̀: alága tó jẹ́ àgbàlagbà, obìnrin akọ̀wé kan, àti olùkọ́ wa ọ̀dọ́mọkùnrin. Alága mọ bàbá mi; ó béèrè àlàáfíà rẹ̀ lọ́wọ́ mi kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi sọ bí a ti fẹnu kò sí, pé a jọ kàwé ni. Alága ní ìwé tí a jọ kà kì í mú kí ọwọ́ méjì kọ gbólóhùn kan náà láìyẹ lẹ́tà kan. Ó ní ọ̀kan nínú wa ni olè, kí olúkúlùkù wá sí ìdí bọ́ọ̀dù wá fi hàn pé òun kọ́. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

Mo kọ ọ́. Mo ṣe apá ọ̀kan-sí-ọ̀kan, mo ṣe apá tó kárí, mo kọ gbólóhùn ìsàlẹ̀, mo sì ṣàlàyé ìdí tí a fi nílò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ mi ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí gbòǹgbò igi. Akọ̀wé ń mi orí. Olùkọ́ wa nìkan ló ń wo lẹ́tà yẹn. Ó ní y ni òun máa ń lò ní kíláàsì, kí ló dé tí èmi fi lo t?

Kò sí ẹni tó pèsè ìdáhùn yẹn sílẹ̀ fún mi. A kò bá a dé ibẹ̀ lábẹ́ igi kajú. Ó kàn jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé ó ti ń dúró sẹ́yìn eyín mi tipẹ́.

“Y mi máa ń jọ 4, sà.”

Olùkọ́ wa na ọwọ́ sí ìdí bọ́ọ̀dù bí ẹni tó fẹ́ ní kí n kọ y kan kí òun rí i. Mo rí ọwọ́ yẹn. Bí ó bá ti sọ ọ́ jáde ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má rí bó ṣe rí. Alága ní ó ti tó, pé iṣẹ́ mìíràn wà nílẹ̀. Ọwọ́ náà padà sílẹ̀.

Wọ́n pa bọ́ọ̀dù rẹ́, wọ́n pe ọ̀rẹ́ mi. Ó kọ apá àkọ́kọ́, ó mọ́ tónítóní. Ó bẹ̀rẹ̀ apá kejì, ó kọ t, ó sì dúró. Alága bi í pé òun ńkọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ t? Ọ̀rẹ́ mi yíjú padà, ó wò mí. Kì í ṣe ojú ìbínú. Ojú ẹni tó ti oko dé tó bá àjèjì nínú ilé rẹ̀, tí àjèjì náà sì ń kí i káàbọ̀, ni. Ó mọ̀ pé ìdí kan ṣoṣo tí òun ní ni èmi ti lò tán, pé bí òun bá tún un sọ, ẹnu òun ni yóò dà bí ẹnu ẹni tó ń sín ẹlòmíì jẹ.

“Ó ti sọ ọ́, sà,” ni ó wí, ó sì gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Alága gba ọ̀rọ̀ yẹn sí ìjẹ́wọ́, pé kò ní ìdí kankan tirẹ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, bóyá nítorí pé bàbá mi ni ó mọ̀, bóyá nítorí pé òun náà kò fọkàn balẹ̀, ó ní ṣé mo ní ohun kan láti sọ. Olùkọ́ wa ń wo ẹnu mi. Mo gbọ́ eṣinṣin kan lójú fèrèsé.

“Rárá, sà.”

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ojú pátákó ìkéde lọ́sẹ̀ náà, orúkọ rẹ̀ lódindi, pé wọ́n lé e nítorí olè ìdánwò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọ̀kadà wá kó ẹrù rẹ̀. Mo sá sẹ́yìn ilé ìdáná títí ariwo ẹ́ńjìnnì fi lọ tán. Nígbà tí mo wọ yàrá, ó ti gbá ilẹ̀ apá tirẹ̀, ó sì ti fi ìwé àkọsílẹ̀ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi lórí ibùsùn, nítorí ìdánwò ìparí sáà ṣì wà níwájú. Òun ni mo kà. Òun ni mo fi yege.

Mo jáde, mo di olùkọ́ ìṣirò ní ilé ìwé gíga kan ní Kàbbà. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá láti ọjọ́ ìgbìmọ̀ yẹn. Má bi mí léèrè ohun tí mo ń rò nínú ọdún mẹ́sàn-án yẹn. Ènìyàn máa ń rí iṣẹ́ ṣe, á sì jẹ́ kí iṣẹ́ gba ibi tí ìrònú ì bá gbà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kíláàsì wa kan fi ìkéde òkú ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ló kú. Wọ́n ti sin ín kí n tó rí ìkéde náà. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí mo ti ń sún síwájú kò ṣeé sún mọ́.

Mo gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí ìwọ náà mọ̀ pé pẹ̀lú àwọn ajínigbé ayé ìsinsìnyí, a kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú báni lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn ọdẹ àdúgbò dá ọ̀kadà wa dúró lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo ojú wa, wọ́n ní kí a máa lọ. Mo bá ọ̀rẹ́ mi níwájú ilé wọn, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ti tóbi díẹ̀, irun funfun kan ti yọ sí i níwájú orí. Ó wò mí, ó ní “Òkun o,” bí a ti ń kí gbogbo ènìyàn lọ́dọ̀ wa, ó sì ti àpótí kan sí mi. Àwọn ọmọ méjì kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ìwé ìṣirò. Ó ní kí wọ́n padà wá tó bá yá.

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìkankan tí kò mọ̀ nínú rẹ̀. Kò dá mi dúró, kò sì dáwọ́ ẹ̀gẹ́ bíbó dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní èmi mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ ọ́n, pé òun kọ́ ló yẹ kí n wá sọ ọ́ fún.

“Ìyé mi ni,” ni ó wí. Bẹ́ẹ̀ la ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa. “Kò béèrè lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ tó kú ló béèrè, pé ṣé mo jí i lóòótọ́. Mo ní n kò jí i. Ó ní òun gbọ́. Kò ní òun gbà.”

Ó sọ fún mi pé ìyá rẹ̀ kò lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin mọ́ láti ọdún tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀, nítorí ẹnì kan fi òwe bú u níbẹ̀. Ó sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń sọ bí oko ti rí. Lẹ́yìn náà ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti inú ilé, ó ní kí n tún un sọ níwájú rẹ̀.

Ìyẹn ló le jù. Ọkùnrin náà fara ti òpó, ọwọ́ rẹ̀ ní àpá iṣẹ́ oko, ó sì tẹ́tí sí mi títí dé òpin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: pé nígbà tí wọ́n béèrè bóyá mo ní ohun kan láti sọ, kí ni mo sọ? Mo sọ fún un. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, kò sì padà wá títí mo fi lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun kò jọ jẹun nínú àwo kan náà láti ọjọ́ tó fi ọ̀kadà gbé ẹrù òun wálé.

Mo béèrè ohun tí mo lè ṣe. Mo ní kí n lọ kọ ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ta ni n ó kọ ìwé náà sí, sí ewúrẹ́? Òtítọ́ ni. Alága ti kú, akọ̀wé ti ṣí lọ, kò sí fáìlì, kò sí pátákó. Nígbà tí oòrùn yí sí apá ìwọ̀-oòrùn, ó dìde, ó sìn mí dé ojú títì, ó sì wá ọlọ́kadà kan tó fọkàn tán fún mi, nítorí ó ní ọ̀nà kò dára fún obìnrin tó ń dá rìn. Kò ní òun dárí jì mí. Kò ní òun kò dárí jì mí. Ó ní kí n pe òun bí mo bá délé láyọ̀. Mo pè é. Kò gbé e.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yẹn lọ́dọọdún, ọ̀kan-sí-ọ̀kan àti èyí tó kárí. Fún ìgbà pípẹ́ mo máa ń sọ fún ara mi pé irọ́ ni mo pa, nítorí irọ́ ni gbogbo ènìyàn mọ bí a ti ń tọrọ àforíjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí a ti ń yẹ ẹ̀rí wò, mo rí i pé yàtọ̀ sí gbólóhùn kékeré kan nípa bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ti rí, kò sí ìlà kan lójú bọ́ọ̀dù yẹn tí kì í ṣe òtítọ́. Ẹ̀rí náà pé. Kò sí ẹni tó lè já a ní koro. Òun ni mo fi lé ènìyàn kúrò nínú ayé tó yẹ kó gbé, tí mo sì rán ìyá kan lọ sí sàárè láìmọ irú ọmọ tí òun bí. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìwé òfin rẹ̀ dárúkọ ìjìyà tó bá èyí mu. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé e kiri, tí mo sì ń sọ ọ́ fún ìwọ tí kò kàn ọ́ rárá.